Ìwé Ojútì Baba Wọ́n-Wà-Níbí

Kò sí ẹni tó mọ Baba Wọ́n-Wà-Níbí tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tó kó àlejò méje láti olú-iléeṣẹ́ lọ wo kìnnìún. Àwa mẹ́sàn-án péré la wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ pé ó ṣojú àwọn ti lé ní ogójì báyìí. Ẹ bá mi bi wọ́n pé orí àpáta wo ni wọ́n jókòó sí.

Iṣẹ́ Baba ni títọpa kìnnìún nínú igbó tí ìjọba fi ń ṣọ́ àwọn ẹranko. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe é, èmi sì ni dẹ́rẹ́bà rẹ̀ fún mẹ́tàdínlógún nínú ọdún wọ̀nyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo gbé ọkọ̀ sí abẹ́ igi kan. Baba sọ̀kalẹ̀, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí iyanrìn, ó ní, "Wọ́n wà níbí." Ohun tó máa ń sọ nìyẹn níbikíbi tó bá ti rí ojú ẹsẹ̀ kìnnìún, ìbáà jẹ́ ti ìjẹta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ fún un.

Ó ní kí àwọn àlejò tò tẹ̀lé òun, kí èmi dúró ti ọkọ̀. Mo dúró. Nígbà tó ku èmi nìkan, ẹyẹ kan ké lókè orí mi, koríko kan mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ta ló fẹ́ jí ọkọ̀ gbé nínú igbó kìnnìún. Mo tilẹ̀kùn, mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, mo bẹ́sẹ̀ mi sọ̀rọ̀ títí mo fi bá wọn.

A rìn fún wákàtí kan. A rìn fún wákàtí kejì. Oòrùn mú, ọ̀kan nínú àwọn àlejò wọ bàtà funfun tó ti di pupa. Lóòrèkóòrè Baba á bẹ̀rẹ̀, á fi ìka kan iyanrìn, á ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni." A yí òkè àpáta kan po. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po lẹ́ẹ̀kejì ni Baba dúró lójijì.

"Dẹ́rẹ́bà, ta ló ni bàtà yìí?"

Mo wo ojú ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀. Àtẹ́lẹ̀ bàtà mi ti ya lápá kan, kò ṣeé sẹ́. "Èmi ni, Baba."

"Ta ló wá tẹ orí rẹ̀?"

Ojú ẹsẹ̀ kìnnìún tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀ ló jókòó sórí ojú bàtà mi.

"Ẹni tó bá tẹ orí ojú ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, òun ló kọjá kẹ́yìn," ni Baba wí, bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ó jọ pé àwa kọ́ là ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn."

A rọra gba ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ wà. Nígbà tí a yọ sí i, kìnnìún márùn-ún ló sùn gbalaja sí òjìji abẹ́ rẹ̀, ẹ̀kẹfà nà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Baba yíjú sí àwọn àlejò, inú rẹ̀ dùn dé eyín.

"Ṣé mo wí fún yín àbí n ò wí? Wọ́n wà níbí!"

"Baba," ni ọkùnrin oníbàtà funfun wí, "báwo la ṣe máa wọ ọkọ̀?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Kí n wá wọn rí ni wọ́n gbà mí fún. Ìyẹn kò sí nínú iṣẹ́ mi."

A padà gun àpáta náà, orí rẹ̀ la wà títí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ fi lù. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lápò mi, ó sì ń gún mi nítan ní gbogbo àkókò náà kí n má baà gbàgbé.

Baba fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí di ìtàn. Ohun tó jọ mí lójú ni pé bí ọdún ti ń gorí ọdún, bí kìnnìún abẹ́ ọkọ̀ ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìwà òmùgọ̀ Baba náà ń pọ̀ sí i nínú ìtàn. Nígbà tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn, kìnnìún ti di mọ́kànlá, Baba sì ti yí àpáta po nígbà mẹ́rin kó tó fura. Mo mọ ọ̀pọ̀ èèyàn tí irọ́ wọn máa ń sọ wọ́n di akọni. Òun nìkan ni mo mọ̀ tó ń purọ́ láti fi bu ara rẹ̀ kù.

Ìdí nìyẹn tí Ìwé Ojútì fi jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Yàrá wa ní ọ́fíìsì kò tóbi. Tábìlì kan wà níbẹ̀ tí bíríkì ń bá gbé ẹsẹ̀ kan, fèrèsé kan kọjú sí táńkì omi, àpótí onírin kan sì wà tó ní dúróọ̀ méjì. Lára ti òkè a kọ "ALÁÀYÈ," lára ti ìsàlẹ̀ a kọ "ÒKÚ." Kìnnìún kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀ nínú ọ̀kan nínú méjèèjì. Lẹ́nu ọ̀nà, Baba kan ìṣó kan, ó fi okùn so ìwé kan kọ́ ọ. Òfin ìwé náà kò le. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe àṣìṣe nínú igbó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ kó tó mu omi.

"Kìnnìún kì í purọ́ fún èèyàn," ni Baba máa ń sọ. "Ìwọ lo máa ń purọ́ fún ara ẹ. Kọ ọ́ sílẹ̀ kó má tún rí ẹ tàn."

Ọ̀gá wa, obìnrin tó kàwé débi tí ìwé parí sí, kọ tirẹ̀: ó fi ààbọ̀ wákàtí bá wa sọ̀rọ̀ lórí rédíò tí kò tan. Ẹyọ kan lára tèmi lọ báyìí: "Mo sá fún òkìtì ọ̀gán. Mo rò pé kìnnìún ni." Baba kà á, ó mi orí, ó mú bírò, ó fi kún un pé, "Ẹ̀ẹ̀mejì ló sá fún un. Ìgbà kejì, ó fẹ́ padà lọ mú bàtà rẹ̀ ni."

Tirẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìwé náà. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ, ṣí ìkòkò tí ẹran ṣẹ́kù sí, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ilẹ̀ tó fi omi nù ní ìdájí ṣì tutù, ojú ẹsẹ̀ sì hàn lórí rẹ̀. Baba ní kí ẹnikẹ́ni má rìn. Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ọkùnrin ni. Kì í ṣe ọmọdé. Ẹsẹ̀ òsì ló máa ń fara lé jù. Ẹ wo èékánná àtàǹpàkò rẹ̀! Ọ̀lẹ ni, kì í gé e."

Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Baba àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ yín."

Baba wò ó. Ó wo ilẹ̀. Ó tún wo ẹsẹ̀. Ó wá rántí pé òun ti kọ́kọ́ jí kí òun tó padà lọ sùn. Nígbà tó dé ọ́fíìsì, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Mo tọpa olè dé ọ̀dọ̀ ara mi. Iṣẹ́ náà dára. Ìwà olè náà ló dùn mí."

Ìyàwó yìí ló máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Ẹlòmíràn ní orogún kan, ẹlòmíràn ní méjì. Tèmi jẹ́ mẹ́tàlélógún, gbogbo wọn ló sì nírù." Ṣùgbọ́n bí Baba bá pẹ́ kó tó ti igbó dé, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kì í dún. Ó máa ń jókòó tì í láìrán nǹkan kan.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ Olóyè fún yín, nítorí òun ló bí gbogbo ohun tó kù. Nínú agbo kìnnìún, àwọn abo ló nilé, àwọn àti ọmọ wọn. Akọ ló ń wá láti ìta láti wá ṣọ́ agbo náà, kì í sì í sábà dá wá. Méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n sábà jẹ́ ọmọ ìyá, ló máa ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Bí ọ̀kan bá dá dúró, àwọn akọ mìíràn á dé, wọ́n á lé e lọ, wọ́n á sì pa àwọn ọmọ tó bá nílẹ̀. Baba ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀. "Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà," ni yóò wí. "Bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, ta ló tó dúró lọ́nà?"

Síbẹ̀, ọdún mẹ́rin gbáko ni Baba fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé akọ kan wà tó ń dá agbo méjì ṣọ́. Ó rí i lápá ìhín odò, ó tún rí i lápá ọ̀hún. Kìnnìún kan náà ni, torí etí rẹ̀ kan ya. Baba sọ ọ́ ní Olóyè. Ó kọ ìròyìn nípa rẹ̀, wọ́n kà á ní ìpàdé ńlá. Ó wá ń sọ̀rọ̀ Olóyè bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ni.

"Baba," ni ọ̀gá wa wí, "kìnnìún kan kì í dá agbo méjì ṣọ́."

"Olóyè yàtọ̀, ọ̀gá. Akíkanjú ni. Àwa méjèèjì la jọ yàtọ̀."

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin oníbàtà funfun nì tún wá láti olú-iléeṣẹ́, ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí Olóyè. Bàtà dúdú ló wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. A dúró nínú ọkọ̀ létí odò. Koríko yà, Olóyè jáde. Koríko tún yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Olóyè tún jáde. Àwọn méjèèjì fi orí ra ara wọn, wọ́n sì kọjú sí wa. Ọ̀kan, etí òsì rẹ̀ ló ya. Èkejì, ti ọ̀tún.

Ọkùnrin náà wo Baba. "Baba, èwo ni Olóyè níbẹ̀?"

Baba ṣí fìlà. "Ẹ fún mi láyè, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi wọ́n."

Àṣìṣe náà kì í ṣe ti àìbìkítà rárá. Bí kìnnìún bá kọjú sí ọ, etí tó wà lápá ọ̀tún rẹ ni etí òsì tirẹ̀. Àwọn ẹni tuntun lẹ́nu iṣẹ́ wa máa ń gbàgbé láti yí i padà kí wọ́n tó kọ ọ́. Nítorí náà, nígbàkigbà tí Baba bá wo ìwé rẹ̀ tó rí "etí ọ̀tún," á fọwọ́ lu orí ara rẹ̀, á ní òun ti tún ṣe bí ẹni tuntun, á pa á rẹ́, á kọ "etí òsì." Ọdún mẹ́rin ló fi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa kìnnìún kejì rẹ́.

Ojú ìwé márùn-ún ló kọ kún nínú Ìwé Ojútì lọ́jọ́ yẹn. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni pé, "Ojú mi rí òtítọ́, ọwọ́ mi ni kò gbà á gbọ́." Ó ṣe káàdì tuntun. Ó sọ kìnnìún kejì ní Ìgbákejì. Ó ya àwòrán etí ọ̀tún rẹ̀ tó ya, ó sì ya ti ìka kan ní ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, tó wọ́ síta láti ọjọ́ tí ẹfọ̀n ti tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, Ìgbákejì ló fẹ́ràn jù. Ó ní òun jẹ ẹ́ ní gbèsè ọdún mẹ́rin.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Baba bẹ̀rẹ̀ àṣà tuntun kan. Bí a bá dúró nínú igbó, á fẹ̀yìn ti àga, á ní, "Dẹ́rẹ́bà, sọ ohun tí o rí fún mi. Mo fẹ́ dán ẹ wò." Èmi á sọ ọ́: abo mẹ́ta, ọmọ méjì, èyí tó ní àpá ní imú. Á mi orí, á ní, "Ó dáa. O ń gbìyànjú." Ọdún méjì ni mo fi ń yege ìdánwò yìí. Mo sọ fún ìyàwó mi nílé pé Baba ń múra láti fi mí ṣe arọ́pò.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Baba bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó tẹrí ba fún táńkì omi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá." Ọ̀gá, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí Baba kò rí, dáhùn pé, "Ẹ káàárọ̀, Baba." Baba kò yíjú padà. Ó rọra wọlé, ó táràrà kan ìwé náà lára ògiri, ó kọ ọ́ ní lẹ́tà gàgàrà: "Mo kí táńkì omi." Ìgbà yẹn ni gbogbo wa mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti lọ tipẹ́. Èmi tí mo ń yege ìdánwò ni mo mọ̀ kẹ́yìn.

Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún náà. Kò pẹ́ sí i, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, dókítà ní kò gbọdọ̀ jáde nílé mọ́. Wọ́n gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀. Mo máa ń yà kí i ní ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ṣíwọ́. Kì í bi mí léèrè àlàáfíà ilé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìgbákejì ńkọ́?"

"A ò tíì rí i, Baba."

Ìgbákejì ti sọnù. Olóyè nìkan là ń rí. Lápá ọ̀hún odò, akọ mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó ti ń rìn wá sí tiwa, a ti rí ojú ẹsẹ̀ wọn létí omi. Ọmọ méje ló wà nínú agbo Olóyè lásìkò yẹn. Òfin ọ́fíìsì sì ni pé kìnnìún tí a kò bá fojú kàn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, káàdì rẹ̀ á kúrò ní dúróọ̀ òkè, á bọ́ sí ti ìsàlẹ̀. Ọgọ́rin ọjọ́ ti lọ.

"Ọmọ méje," ni Baba á máa sọ. "Olóyè nìkan ò lè gbà wọ́n là. Ẹ má sin Ìgbákejì fún mi láìrí òkú. Mo ti fi ọdún mẹ́rin pa á rẹ́ rí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Kò sùn láti àná. Ẹ bá mi sọ ohun tó máa jẹ́ kó sinmi." Ni mo bá wọlé, mo jókòó, mo gbé e kalẹ̀.

"Baba, a rí Ìgbákejì lónìí."

Baba nàró lórí àga. "Níbo?"

"Létí odò."

"Ó kọjú sí yín?"

"Ó kọjú sí wa gan-an."

"Etí wo ló ya?"

Mo wo ògiri. Mo gbé kìnnìún dúró lọ́kàn mi, mo yí i padà, mo yí ara mi padà, mo gbàgbé ẹni tí mo ti yí. "Òsì, Baba."

"Òsì tìẹ àbí òsì tirẹ̀?"

"Tirẹ̀."

"Olóyè nìyẹn. Ìyẹn bí o bá tiẹ̀ rí nǹkan kan." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Lọ mú ìwé wá."

Lọ́jọ́ kejì, mo tú Ìwé Ojútì kúrò lára ìṣó, mo gbé e wá sílé rẹ̀, mo sì kọ ọ́ níwájú rẹ̀: "Mo purọ́ fún aláìsàn. N kò sì mọ irọ́ ọ̀hún pa." Ìyàwó rẹ̀ gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi ni mo rán an." Ìgbà àkọ́kọ́ tó kọ nǹkan sínú ìwé náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kúrò lójú Baba. "Dẹ́rẹ́bà, jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ẹ. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún, o ò lójú. Ojú tó wà lórí ẹ, ojú ọ̀nà nìkan ló mọ̀ ọ́n wò. Tí o ò bá rí i, má wá sọ ọ̀rọ̀ fún mi mọ́. Gbé ilẹ̀ wá bá mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo wa ọkọ̀ lọ sílé láìtan rédíò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìndínláàádọ́rùn-ún, òjò rọ̀ díẹ̀ ní ìdájí. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá àárọ̀, mo wà létí odò, mo rí ojú ẹsẹ̀ Olóyè nínú ẹrẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Olóyè nìkan ni mo rí. Etí ojú ẹsẹ̀ náà fẹ̀ lápá kan, mo rò pé ó yọ̀ ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Mo rántí pé Baba ní kí n gbé ilẹ̀ wá, mo bá po simẹ́ńtì funfun tí àwọn dókítà fi ń di ẹsẹ̀ tó kán, èyí tí a máa ń lò láti fi ojú ẹsẹ̀ han àwọn àlejò. Mo dà á sínú rẹ̀, mo jókòó tì í títí ó fi gan. Mo fi ẹ̀wù mi wé e, mo gbé e sórí àga iwájú, mo sì ń rọra wakọ̀ bí ẹni gbé ọmọ ìkókó.

Mo gbé e lé Baba lórí itan. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí rẹ̀.

"Olóyè," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba. Òun nìkan ni. Ó tiẹ̀ yọ̀ díẹ̀ nínú ẹrẹ̀."

"Ó yọ̀?"

"Ó yọ̀, Baba. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ibí yìí."

Ó fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Dẹ́rẹ́bà, ìka mélòó ló máa ń hàn nínú ojú ẹsẹ̀ kìnnìún?"

"Mẹ́rin."

"Ka èyí fún mi."

Mo kà á. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ọwọ́ mi dé ibi tí mo ní ó ti yọ̀. Ìka kan tún wà níbẹ̀, Olóyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa, ó sì wọ́ síta. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Márùn-ún, Baba."

"Ìka karùn-ún, ta ló ni ín?"

Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn láti ibi tó jókòó sí, obìnrin tí kò dé inú igbó náà rí: "Ṣé kì í ṣe ti Ìgbákejì ni?"

"Ta ló tẹ orí ta?" ni Baba bi mí.

"Olóyè ló tẹ orí tirẹ̀. Ìgbákejì ló ṣáájú."

"Etí ìka náà ńkọ́? Òjò bà á jẹ́?"

Mo fi ìka tọ́ ọ. Ó ṣì mú. "Kò bà á jẹ́."

"Ẹ̀yìn òjò ni wọ́n kọjá nìyẹn, àwọn méjèèjì. Láàárọ̀ òní." Baba gbé ọwọ́ méjèèjì lé simẹ́ńtì náà. Omi jáde lójú rẹ̀ tí kò ríran. "Wọ́n jọ ń lọ ni. Dẹ́rẹ́bà, wọ́n wà níbí. Ìwọ náà ti ka méjì sí ọ̀kan. Káàbọ̀ sẹ́nu iṣẹ́."

Mo gbé simẹ́ńtì náà lọ bá ọ̀gá. Ó fọwọ́ kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan káàdì Ìgbákejì. Ní ọjọ́ kejì sí ìgbà náà, òun àti èmi jọ rí wọn lábẹ́ igi kan. Ìgbákejì rù, ọgbẹ́ kan ń jinná ní ìbàdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé orí lé ẹ̀yìn Olóyè, àwọn ọmọ méjèèje sì ń fi ìrù àwọn méjèèjì ṣeré. Kí n má baà tún ṣìnà, mo sọ̀kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo yíjú sí ibi tí kìnnìún kọjú sí, mo sì na ọwọ́ ọ̀tún mi sókè láti fi wé etí rẹ̀.

"Dẹ́rẹ́bà!" ni ọ̀gá ké. "O kọ ẹ̀yìn sí kìnnìún!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Baba bi mí pé etí wo ni. Mo ní ọ̀tún, ọ̀tún tirẹ̀. Ó bi mí bí mo ṣe dájú tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ mí kí n máa lọ sílé. "Kọ ìyẹn sílẹ̀ kó o tó lọ," ni Baba wí. Mo kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló kú, ní ọ̀sán, lórí àga rẹ̀, simẹ́ńtì funfun náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Mo sunkún bí ọmọdé. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi gbé e káàkiri, n kò sì mọ ibi tí mo lè gbé ọkọ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo kàn jókòó sínú rẹ̀ títí ọ̀gá fi wá kan fèrèsé.

Lẹ́yìn tí a sin ín tán, ìyàwó rẹ̀ mú Ìwé Ojútì wá sí ọ́fíìsì fún mi. Ó ní Baba ní kí òun bá a kọ ohun tó gbẹ̀yìn síbẹ̀. Ọwọ́ obìnrin náà ni mo rí, ṣùgbọ́n Baba fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i, ó wọ́ kúrò lórí ìlà.

"Mo sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kò lójú. Àṣìṣe ni. Òun ló rí ojú ẹsẹ̀ náà, èmi kàn bá a kà á ni. Ọdún méjì tí mo ní mò ń dán an wò, ojú rẹ̀ ni mo fi ń ríran. Ojú ló tì mí láti sọ fún un."

Mo so ìwé náà padà mọ́ ìṣó rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ méjèèje ti dàgbà, irun ọrùn Olóyè ti ń já, Ìgbákejì ni kì í fi í sílẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo bá ti igbó dé tí mo sì rí àwọn méjèèjì, mo máa ń mú bírò kí n tó mu omi, mo máa ń kọ ọ́ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ Baba: "A rí wọn lónìí, Baba. Wọ́n wà níbí." Ọ̀gá ní ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe, kí ló dé tí mò ń kọ ọ́ sínú ìwé ojútì. Mo sọ fún un pé n kò mọ ibòmíràn tí Baba ti máa rí i kà.